Sri Lanka lẹ́yìn ogun: kí ló dé tí ara ò tíì dẹ̀ wọ́n?

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ogun Sri Lanka ti parí láti ọdún 2009, kí ló wá ń yọ wọ́n lẹ́nu? Lójú tèmi, ìbọn ló dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bí ogun náà ṣì wà nílẹ̀. Lọ́dún 1956 ni òfin ti sọ èdè Sinhala, èdè ẹ̀yà tó pọ̀ jù níbẹ̀, nìkan di èdè ìjọba, tí àwọn Tamil, ẹ̀yà tó kéré, wá dà bí àjèjì nílé ara wọn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn Tamil tó gbé ìbọn lọ́dún 1983.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó sọnù nínú ogun náà. Láti oṣù kejì ọdún 2017 ni àwọn ìyá ti ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ní Kilinochchi, ìlú àwọn Tamil kan ní àríwá, fọ́tò ọmọ lọ́wọ́. Àwọn kan sọ pé ìṣojú àwọn ni ọmọ àwọn ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún sójà, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Àwọn ìyá mìíràn ti kú sẹ́nu ìdúró náà. Ẹni tó bá rí òkú ọmọ á sin ín, á sunkún, á dákẹ́. Àwọn yìí kò rí nǹkan sin.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tún ń bẹ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n fi èbúté Hambantota háyà fún ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan fún ọdún 99. Lọ́dún 2021, ìjọba ṣàdédé fòfin de ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, ìrẹsì sì wọ́n. Oṣù kẹrin 2022, wọn ò lè san gbèsè òkèèrè mọ́. Oṣù keje, ààrẹ Gotabaya Rajapaksa sá kúrò nílùú. Òun náà ni akọ̀wé ètò ààbò nígbà tí ogun ń parí.