Ẹ Bi Wá: Ìwé Kejì Ìtàn Idán, Ogun àti Ìfẹ́

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé jẹ́ ti àwọn tó ti kọ ìwé kìíní ìtàn idán parí, tí ìwé kejì wá há wọn lọ́rùn. A mú mẹ́fà nínú wọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìwé kìíní mi ti jáde. Báwo ni mo ṣe máa rán òǹkàwé létí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìtún gbogbo ìtàn náà sọ?

Ẹ kọ gbogbo ohun tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lóye orí mẹ́ta àkọ́kọ́ sórí bébà kan. Ẹ wá fa igi lé èyí tó lè dúró di orí kẹrin. Kì í sábà ṣẹ́ kù ju márùn-ún lọ. Ibi tí ẹnì kan ti ń fẹ́ nǹkan tí ẹlòmíì kò fẹ́ fún un ni kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí, gbólóhùn kan tàbí méjì, kí ẹ sì kọjá. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jókòó, kí wọ́n máa sọ fún ara wọn pé bàbá àwọn kú sójú ogun, àfi bí ẹni pé àwọn méjèèjì kò sí níbi ìsìnkú. Bí ìtàn yín bá díjú gan-an, ẹ fi ojú ìwé kan ṣáájú orí kìíní, kó má ju ọ̀rọ̀ 300 lọ, kí ẹni tó bá rántí lè fò ó.

Ọ̀tá wà ní 300 kìlómítà sí olú ìlú. Mo kọ ọ́ pé 10,000 ọmọ ogun dé ibẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni, nígbà tó jẹ́ ìtàn idán?

Irọ́ ni, àfi bí idán bá gbé wọn. Ohun tí ẹ kò bá fi idán ṣe, ẹ má fi idán ṣe àwáwí fún un.

Ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù, lójú ọ̀nà tó dára, máa ń rin nǹkan bí 20 kìlómítà lójúmọ́. Bó bá jẹ́ màlúù ló ń fa ẹrù, ẹ kà á sí 15. Ogúnjọ́ gbáko nìyẹn, a ò sì tíì ka ọjọ́ ìsinmi. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gùn tó lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá tò ní mẹ́rin-mẹ́rin, ìlà 2,500 ni; bí ìlà kan bá gba mítà kan ààbọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 kìlómítà, láìka kẹ̀kẹ́ ẹrù kankan. Ẹni iwájú á ti rìn fún wákàtí kan kí ẹni ẹ̀yìn tó gbẹ́sẹ̀. Bí ọ̀tá bá kọ lu iwájú, ẹ̀yìn kò ní gbọ́ igbe.

Oúnjẹ ńkọ́? Kìlógíráàmù ọkà kan fún ẹnì kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ tí màlúù méjì ń fà lè gbé nǹkan bí 500 kìlógíráàmù, torí náà ogún kẹ̀kẹ́ ni oúnjẹ ọjọ́ kan máa gbà, 400 kẹ̀kẹ́ fún ogúnjọ́, àwọn màlúù náà á sì jẹ tiwọn. Ẹṣin kan ń mu tó 30 lítà omi lójúmọ́. Bí ẹ bá fún wọn ní 1,000 ẹṣin, 30,000 lítà nìyẹn, kò sí kànga abúlé tó máa rí i pọn láàárín alẹ́ kan. Ìdí rèé tí ọmọ ogun fi máa ń kó oko olóko jẹ lójú ọ̀nà, ìyẹn gan-an sì ni ìtàn yín ń wá. Bó bá jẹ́ oko ìyá olólùfẹ́ balógun ni wọ́n kó, ogun ti bọ́ sínú ìfẹ́ nìyẹn.

Odò tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ogún ènìyàn, tí àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ ìdajì wákàtí: 400 ènìyàn ló máa kọjá ní wákàtí kan. 10,000 á gba wákàtí 25. Fún odindi ọ̀sán kan àti òru kan, àwọn kan wà ní èbúté yìí, àwọn kan wà ní òdìkejì, wọn ò sì lè ran ara wọn lọ́wọ́. Balógun tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ kò ní yan ìgbà míì láti kọ lù wọ́n.

Ní ìparí ìwé kìíní, akọni mi ti lè pe iná láti ojú ọ̀run. Ní báyìí, ojú ìwé kan ni gbogbo ogun tí mo bá kọ ń parí sí.

Ẹ má gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Òǹkàwé tó bá a jìyà kó tó rí i máa bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Owó rẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Fún idán kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀: ta ló lè ṣe é, kí ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó jẹ́, ibo ni agbára rẹ̀ mọ, kí ló sì ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìkarùn-ún yìí ni wọ́n máa ń fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú. "Ó máa ń rẹ̀ ẹ́" kì í ṣe ìdáhùn. Ohun tí oorun òru kan bá lè wò sàn, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú iná yín. Ká ní ara ènìyàn alààyè ló ti ń fa ooru rẹ̀, ẹni tí kò jìnnà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí onídán lọ. Bí iná bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹni náà á gbọ̀n mọ́júmọ́. Bó bá di méjì lóru kan náà, ìka ọwọ́ rẹ̀ á kú tipiri. Iná kẹta á pa á. Ẹ wá padà sí etí odò. Balógun fẹ́ kí ọkọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ló máa dúró ti akọni yín? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni? Àbí ọmọ ogun tó fínnúfíndọ̀ jáde? Àbí olólùfẹ́ rẹ̀, tó ti dúró lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ yẹn, tó wá ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ? Ojú ìwé kan kò lè gba ogun yẹn mọ́.

Àmọ́ òfin tuntun kò gbọ́dọ̀ já lu òǹkàwé lójijì. Ẹ mú gègé, kí ẹ tún ìwé kìíní kà. Ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti gbọ̀n, tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí tó kàn dákẹ́ lẹ́yìn iná. Ohun tí gbogbo wọn pè ní òtútù lásán nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wá mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan rárá, ẹ fún ọ̀tá ní ohun tó lè fi dínà iná, kí òun náà sì san owó tirẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ inú ìtàn mi ti jẹ́wọ́ fún ara wọn ní orí ìkẹyìn ìwé kìíní. Mo ń rò ó pé kí obìnrin náà rí ọkùnrin náà pẹ̀lú ẹlòmíì, kó ṣì í lóye, kí wọ́n sì pínyà.

Rárá o. Ìjà tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè parí kò lè gbé odindi ìwé. Ẹ fún olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí kò lè kọ̀, kí iṣẹ́ ọ̀kan máa ba tèkejì jẹ́: ọ̀kan búra pé òun máa gba ìlú là, èkejì, ká ní irú idán iná tó ń pa ẹni tó bá dúró tì í, tí a sọ lókè, wà nínú ìtàn yín náà, búra pé ẹnikẹ́ni ò ní dúró ti iná mọ́. Kí àwọn méjèèjì jàre.

Ẹ lo ọ̀nà jíjìn náà. Ẹni tó bá ń gun ẹṣin kan ṣoṣo fún ọjọ́ púpọ̀ lè rin nǹkan bí 50 kìlómítà lójúmọ́. Lórí irú 300 kìlómítà tí a sọ lókè, lẹ́tà á lo ọjọ́ mẹ́fà, èsì á lo mẹ́fà míì. Ẹni tó ń ka "mò ń bọ̀" ò lè mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ wo irú èyí, láàárín onídán àti olólùfẹ́ rẹ̀ tó dúró ti iná, onídán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:

– Iná kejì alẹ́ àná, òkùnkùn ò jẹ́ kí n rí ojú ẹni tó dúró.
– Ọmọ ogun kan ni.
– Gbé ọwọ́ ẹ wá.
– Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀.
– Mo ní gbé ọwọ́ ẹ wá.

Mo kọ ọ́ nínú ìwé kìíní pé ọmọ kan ṣoṣo ni ọba bí. Ìwé kejì nílò ọmọ kejì, ìwé kìíní sì ti wà níta.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn? Bó bá jẹ́ ẹ̀dá ìtàn kan, kò le rárá: ó lè parọ́, ó lè má mọ̀. Bó bá jẹ́ asọ̀tàn, ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ bá ń tún ìwé náà tẹ̀.

Tolkien, òǹkọ̀wé ìtàn idán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe méjèèjì pọ̀. Nínú The Hobbit tó jáde ní 1937, Gollum, ẹ̀dá kan tó ń gbé inú ihò, ṣe tán láti fi òrùka rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún Bilbo, akọni ìwé náà, bó bá borí òun nínú àlọ́ àpamọ̀. Nígbà tí The Lord of the Rings, ìtàn tó tẹ̀ lé e, fi máa dóde, òrùka náà ti di ohun ibi tí kò lè rọrùn fún ẹni tó ní in láti fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tolkien tún orí náà kọ, ó jáde nínú àtúntẹ̀ 1951, ó sì ní irọ́ tí Bilbo pa ni ìtàn ti tẹ́lẹ̀. Irọ́ yẹn ló wú wa lórí jù, torí ó sọ àṣìṣe di ẹ̀rí pé òrùka náà ti ń ba ọkàn Bilbo jẹ́ látìgbà náà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ọ̀nà ìlú sí ìlú àti ojú ọgbẹ́ sí, pẹ̀lú ojú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti hàn. Ọgbẹ́ ló máa ń tú ènìyàn fó jù. Èjìká òsì tó gba ọfà ní orí kejì á di ọ̀tún ní orí kẹsàn-án, apá tó kán á sì máa ju idà lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó jẹ́ pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí egungun apá tó jọ.

Ṣé dandan ni kí akọni ìwé kìíní wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé kejì?

Kò pọn dandan. Ursula K. Le Guin, òǹkọ̀wé ìtàn idán ará Amẹ́ríkà, fi onídán kan tó ń jẹ́ Ged ṣe akọni ìwé rẹ̀ ti 1968. Nínú ìwé kejì tó tẹ̀ lé e ní 1971, ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ló gba iwájú, ìtàn náà sì rìn jìnnà kí Ged tó yọjú. Fágúnwà ní tirẹ̀ yí ẹ̀yìn padà: lẹ́yìn ìtàn Àkàrà-oògùn ní 1938, ìtàn bàbá rẹ̀, Olówó-ayé, ló gbé jáde ní 1949. Bí ẹ bá máa fi akọni yín pamọ́, kí òǹkàwé tètè gbọ́ orúkọ rẹ̀, kó sì jẹ́ láti ẹnu ẹni tó kórìíra rẹ̀ ló ti máa gbọ́ ọ.