Kẹ̀kẹ́ ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ NAPEP o

Ìwọ ọmọ tó béèrè pé kí ló dé táwọn àgbà ń pe básíkù ní "kẹ̀kẹ́ ológeere" nígbà tó jẹ́ pé NAPEP, ètò ìjọba tó kó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta akérò wá, ló ni orúkọ kẹ̀kẹ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ ná? 2001 ni wọ́n dá NAPEP sílẹ̀, bàbá mi sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní Sábó, Kánò, kí wọ́n tó bí èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ohun tó bá ń yí bírí là ń pè ní kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ òwú ńkọ́, ṣé o gùn ún rí? Ìwọ tó o ń gbé Òkè Ọya, o ò gbọ́ báwọn Hausa ṣe ń pe maṣíìnì télọ̀ ní keken ɗinki ni? Ọwọ́ wa ni wọ́n ti mú un, bí èmi ṣe gbà á nìyẹn, ẹni tó bá ń bínú kó máa bínú. Má sì kọ ọ́ bíi kẹ́kẹ́ tí wọ́n ń kọ sójú o, ìyẹn yàtọ̀.

Ológeere yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kí nǹkan máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́ láìpariwo ni geere. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ rìn títí tòun tẹrù lórí, tó wá rí ẹnì kan tó jókòó tó ń lọ geere, kí ni kó tún pè é? Lóòótọ́ rélùwéè ti dé Kánò nígbà tó fi máa di 1912, àmọ́ téṣàn ló ń já ẹ sí, kò ní gbé ẹ dé abúlé ẹlẹ́pà. Aṣọ àwìn ni bàbá mi ń tà, á di aṣọ sórí káríà kẹ̀kẹ́ Raleigh rẹ̀, á fi rọ́bà táyà so ó pinpin, èmi á wà lórí irin iwájú, ká tó débẹ̀ ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ti kú. Tílẹ̀ bá ṣú, dáínámò, ẹ̀rọ kékeré tí táyà ń yí, ló ń tan iná, bó bá ṣe ń wà á sí náà niná ṣe ń mọ́lẹ̀ sí, torí náà ibi òkè tójú ọ̀nà ti burú jù, tó rọra ń wà á, ibẹ̀ gan-an ni òkùnkùn ti máa ń bò wá.

Ọlọ́pàá gùn ún, tíṣà gùn ún, ìyẹn ò le. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá ṣì ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa fúnni ní láísénsì kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ológeere yìí náà ni.

Lọ́jọ́sí ní Abuja níbí, mo sọ fún ọmọ mi obìnrin pé mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ó ní ṣé mo fẹ́ máa fi kó èrò ni.