Ǹjẹ́ oògùn jẹjẹrẹ lè dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Oògùn méjì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù ni bleomycin, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ kórópọ̀n, àti carmustine, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ọpọlọ.

Ẹ̀dọ̀fóró rọ̀ bíi kànrìnkàn. Tí oògùn bá ti pa á lára, ó lè le, kó sì nípọn bí ojú ọgbẹ́ tó jinná, afẹ́fẹ́ kò sì ní ráyè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ti bleomycin sábà máa ń yọjú láàárín oṣù mẹ́fà. Ti carmustine ló máa ń fara pamọ́ pẹ́: wọ́n ti rí i lára àwọn tó gbà á ní kékeré, ní ọdún 17 lẹ́yìn ìtọ́jú. Bí àpapọ̀ ìwọ̀n oògùn tí èèyàn ti gbà bá ṣe pọ̀ tó ni ewu ṣe ń pọ̀ sí i. Sìgá àti ìtànṣán tí wọ́n fi tọ́jú àyà náà ń dá kún un.

Ikọ́ gbẹrẹfu ló sábà máa ń jẹ́ àmì rẹ̀, àti kí èèyàn máa dúró mí lágbedeméjì àtẹ̀gùn tó ti ń gùn wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn náà lè fa irú èyí, nítorí náà àyẹ̀wò ṣe pàtàkì. Àpá tó bá ti dá kì í sábà parẹ́.

Ẹni tó ti gba bleomycin rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, nítorí ọ́síjìn púpọ̀ tí wọ́n bá fún un nígbà iṣẹ́ abẹ lè tún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pa lára.