Ẹ má tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni àwọn àbúrò yín ti ń sọ pé kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ kankan mọ́, kí ẹnì kan máa wẹ̀ wọ́n, kó máa wọṣọ fún wọn. Èmi ni mo tọ́jú bàbá mi nílé títí di ọjọ́ alẹ́ wọn, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ: ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó gbé Màmá ṣubú.

Ìdájí ni Bàbá máa ń ṣubú, bí wọ́n bá dìde láti lọ tọ̀. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ní ìdùbúlẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe dìde dúró, ó já wálẹ̀ gan-an. Dókítà dín ọ̀kan nínú oògùn wọn kù. Láti ìgbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Ẹ kó gbogbo oògùn Màmá lọ bá dókítà, pàápàá èyí tí wọ́n fi ń sùn, ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín dá ìkankan dúró.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Irin tí à ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ sí kò lè gba ènìyàn dúró. Ẹ tan iná sílẹ̀ lóru.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣubú, ẹ̀rù á máa bà á láti rìn. Bí kò bá rìn, iṣan itan á gbẹ, ìṣubú mìíràn á tún dé. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ nínú ìlànà wọn ti ọdún 2020 pé kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe eré ìdárayá tó ń fún ara lókun, tó sì ń jẹ́ kí ìdúró múlẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ Bàbá kò ju kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kí wọ́n rọra jókòó padà, kí wọ́n tún dìde. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n.

Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn náà, àwọn fúnra wọn ló ń dè é, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ó ń wù wọ́n bẹ́ẹ̀, mo rí i lójú wọn. Ẹ bi Màmá léèrè iṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ àwọn. Èyí tó bá wúwo, ẹ pín in: kí ẹlòmíì gbé aṣọ wá, kí Màmá jókòó ká a.

Ó ku ọ̀kan: bí wọ́n bá forí gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣubú, tí wọ́n sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lónìí, kódà bí wọ́n bá ní kò sí ohun tó ń ṣe àwọn.