Ṣé sẹ́ńsọ̀ ni, àbí wáyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Toyota mi ń tú èéfín dúdú, ó ń jẹ epo, fáànù rẹ̀ kì í sì í sinmi. Réwáyà ní kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Bí sẹ́ńsọ̀ yìí tàbí wáyà rẹ̀ bá já, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù gan-an, kó sì máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ yọ ẹnu wáyà, kí ẹ fi mítà iná wọn bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń dènà iná tó (ohm ni wọ́n fi ń kà á): nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,000 ohm ní 20°C. Bí ó bá pé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́; ẹ yẹ ẹnu wáyà wò. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀.