Bisikíìtì oat tí kò lẹ́yin: kí ló ń mú kó fọ́, kí ló ń mú kó rọ̀ jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin. Dókítà ló kìlọ̀ fún wa lẹ́yìn tí ojú àti ètè rẹ̀ wú lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ máa yan bisikíìtì oat fún un nílé, kó má bàa máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé. Nígbà àkọ́kọ́, mo yọ ẹyin kúrò, mo fi omi dípò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ fọ́ bí iyanrìn. Nígbà kejì, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin sí i, ó wá rọ̀ bí ọ̀lẹ̀. Ṣé oyin tí mo ń lò dípò ṣúgà ló fà á ni? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Oyin kọ́ ló fà á. Ẹyin ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú bisikíìtì yẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ò sì tíì wá ẹni tí yóò bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Nínú kéèkì, iṣẹ́ ẹyin pọ̀: ó ń gbé e sókè, ó ń mú un rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi àti òróró gbà fún ara wọn. Bisikíìtì oat kò nílò gbogbo ìyẹn. Ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ ẹyin kò ju pé kó di hóró oat mọ́ ara wọn lọ. Bí iná bá kan ẹyin, ó máa ń gan, gbogbo ohun tó bá wà láàárín rẹ̀ á sì dúró síbi tí wọ́n wà. Omi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iná á gbé omi lọ, oat á wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó fọ́ nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀ mọ nǹkan dì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló jẹ́ omi. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, omi ti pọ̀ ju ohun tí oat lè fà mu lọ.

Ìpanu tí kò lẹ́yin kì í ṣe àjèjì sí wa. Gúrúdì tí a jẹ dàgbà, sítáàṣì gbágùúdá àti àgbọn ni, sítáàṣì ló so ó pọ̀ tó fi ń dún kàkà lẹ́nu. Ní Australia àti New Zealand náà, bisikíìtì kan wà tí wọ́n ń pè ní Anzac, orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní wá. Oat, fúláwà, àgbọn, bọ́tà, ṣúgà àti omi ṣúgà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ẹyin níbẹ̀ rárá. Ṣúgà tó yọ́ mọ́ bọ́tà ló dì í mú. Ó dùn gan-an, àmọ́ ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè ní kí ẹ máa fún ọmọ ọdún mẹ́rin lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wá ohun mìíràn tí yóò dì í.

Ohun náà wà nínú oat fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti se oat rí, ẹ ti rí i pé ó máa ń yọ̀, ó sì máa ń fà díẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ohun tó ń fà yẹn ni beta-glucan, ọ̀kan lára àwọn okun inú oúnjẹ tó máa ń yòrò sínú omi. Òun kan náà ló jẹ́ kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fàyè gba àwọn tó ń ta oat lọ́dún 1997 láti kọ ọ́ sára páálí pé ó lè dín ewu àrùn ọkàn kù, torí ó ń fa kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù mẹ́ta rẹ̀ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n beta-glucan kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mu omi kó tó fà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á po oat tán, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò kí oat tó rí nǹkan kan mu. Ìyá wa, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ bo àpòpọ̀ yín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó yan án.

Oat tí hóró rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ tó ń jinná kíákíá náà dára, ó tilẹ̀ ń dì ju ìkínní lọ, àmọ́ kì í ní ohun tí eyín lè rún. Golden Morn kì í ṣe oat o, àgbàdo àti sóyà ni. Mo sọ ọ́ torí pé mo ti rí ẹni tó lò ó, tó sì ń bi mí léèrè ìdí tí kò fi dì.

Ẹ wọn ife oat méjì, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 180. Ẹ lọ ìlàjì ife kan nínú rẹ̀ kúnná, kó lè máa ṣe iṣẹ́ fúláwà. Ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńlá méjì, kì í ṣe mẹ́rin, àwọn tí èèpo wọn ti ní àmì dúdú dúdú. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ẹ̀pà lílọ̀ tí kò ní ṣúgà sí i, àti dàbínù mẹ́fà tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀, tí ẹ rẹ sínú omi gbígbóná, tí ẹ sì gé wẹ́wẹ́. Ìlàjì ṣíbí tíì baking powder, iyọ̀ díẹ̀, àti atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ bí ọmọ bá fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá rí flaxseed rà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ po ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ mọ́ ṣíbí omi mẹ́ta, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí yóò fi máa fà bí ewédú, kí ẹ tó dà á mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má dààmú, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ṣe é.

Ẹ̀pà yẹn, ẹ ṣà á dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti bu, tó hunjọ tàbí tó korò, ẹ dà á nù. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin máa ń wà nínú ẹ̀pà tó ti bu, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í pa á tán.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un. Ó yẹ kó dúró bí ìṣù kékeré. Bí ó bá ń já, ẹ fi ṣíbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún kan kún un. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀kọ, ẹ bu ṣíbí oat méjì sí i, kí ẹ tún dúró díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tútù tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ lórí tíréè tí ẹ ti fi òróró pa, torí bisikíìtì tí kò ní bọ́tà àti ṣúgà kì í tẹ́ fúnra rẹ̀ nínú iná. Bí ẹ ṣe gbé e wọlé náà lẹ máa gbé e jáde. Méjìdínlógún ló yẹ kó jáde.

Ẹ ti tan ààrò sílẹ̀ dé 180°C, kí ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 14 sí 16, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹni tí kò ní ààrò lè lo ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀, kó dé e, kó sì jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kó tó gbé tíréè lé e. Iná ìsàlẹ̀ ni ìkòkò ń lò, nítorí náà ẹ yí i padà nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Bí ó bá jáde, yóò rọ̀, ọkàn yín á sì fẹ́ dá a padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ibẹ̀ ló ti ń gan.

Ní ti oyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé kì í ṣe ṣúgà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ṣúgà tó yẹ ká dín kù, wọ́n sì sọ pé yóò dára bí ti àgbàlagbà kò bá ju nǹkan bí gíráàmù 25 lóòjọ́ lọ. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú ṣíbí ìjẹun oyin kan tó nǹkan bí gíráàmù 17. Bí ẹ bá pín ṣíbí kan yẹn sí bisikíìtì méjìdínlógún, kò sí ewu níbẹ̀. Kí ẹ da oyin tó ìlàjì ife sí i ni mo kọ̀. Bí àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan bá wà nílé, ẹ má fi oyin kan án lẹ́nu rárá, bí ẹ tilẹ̀ yan án.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ara ọmọ náà. Ẹ rí i dájú lọ́dọ̀ dókítà pé ẹ̀pà bá a lára mu kí ẹ tó lò ó. Abọ́, ṣíbí àti tíréè tí ẹ fi po kéèkì ẹlẹ́yin, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹyin kò bá lára mu ṣùgbọ́n tí wọ́n lè jẹ èyí tó jinná gan-an nínú kéèkì; ẹ má dán an wò nílé, dókítà ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà.

Torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú rẹ̀, kò lè pẹ́ níta nínú ooru wa. Ọjọ́ méjì péré ni níta, àmọ́ ó ṣe é lò fún bí ọjọ́ márùn-ún nínú fíríìjì. Ẹ di méjì méjì sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i lára, kí ẹ sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, kó má fún ọmọ ẹlòmíràn tí ẹ̀pà kò bá lára mu jẹ.