Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Kí Ló Dé Tí Bọ́ọ̀lù Kò Fi Wọ Ihò Lórí Tábìlì Àwọn Ará Rọ́ṣíà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ ní Moscow, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ pool í gbá, eré tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò etí tábìlì. Nígbà tí àwọn akẹgbẹ́ mi mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bílíádì tiwọn, tábìlì náà jọ èyí tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo kò wọlé fún mi títí a fi tú ká. Ṣé ọwọ́ mi ló kú ni, àbí tábìlì náà ló ní èèwọ̀?

ÌDÁHÙN: Ọwọ́ yín kò kú rárá. Tábìlì náà ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ ọ̀hún sì pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Tábìlì pool tí a fi ń díje gùn tó mítà 2.54, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.27, ti àwọn ará Rọ́ṣíà gùn tó mítà 3.55, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.775, ìyẹn ni pé ojú aṣọ tí bọ́ọ̀lù ń yí lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ti mọ́ yín lára. Bọ́ọ̀lù pool fi díẹ̀ ju mìlímítà 57 lọ ní ìbú, bẹ́ẹ̀ ihò igun tábìlì rẹ̀ kì í dín ní mìlímítà 114, tó fi jẹ́ pé bọ́ọ̀lù méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá pọ̀. Bọ́ọ̀lù ti Rọ́ṣíà jẹ́ mìlímítà 68, ihò igun tí yóò gbà á sì jẹ́ mìlímítà 72 tàbí 73. Ẹ yọ ọ́ wò: bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ gba àárín gbùngbùn, àyè tó ṣẹ́kù fún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà méjì àbọ̀ lọ. Ihò àárín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì fẹ̀ díẹ̀ sí i, ó tó 82 tàbí 83, ṣùgbọ́n kí ó má tàn yín jẹ, nítorí pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ń gba ẹ̀gbẹ̀ẹ̀gbẹ́ bọ̀ ni ẹnu ihò náà ń há sí i.

Bọ́ọ̀lù yìí tún wúwo. Ó tó nǹkan bíi gíráàmù 280, nígbà tí ti pool kì í sábà kọjá 170, èyí ló sì ń mú kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rò pé agbára ló kù, tí yóò wá máa fi gbogbo apá nà án. Bọ́ọ̀lù tó bá sáré kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ihò yóò ta padà sí àárín tábìlì. Èyí tó bá rọra kan ojú ibẹ̀ gan-an ṣì lè mì lọ mì bọ̀ kí ó sì jábọ́ sínú. Kí ẹ tó ronú kan agbára, ẹ gbé bọ́ọ̀lù kan sí orí tábìlì tó ṣófo, ẹ gbá a lọ ní tààrà láti ìpẹ̀kun kan kí ó lọ kan rọ́bà ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ sì fi igi yín sílẹ̀ síbi tó parí sí láìmì. Bí bọ́ọ̀lù náà kò bá padà wá kan orí igi yín, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù ni ẹ lù láìmọ̀, ojú yín kò sì lè tún ohun tí ọwọ́ yín bàjẹ́ ṣe. Ohun tí ẹ ti kọ́ nínú pool kò ṣòfò o. Evgeny Stalev, ọmọ Rọ́ṣíà tó gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé nínú píramíìdì, ìyẹn orúkọ tí a ń pe bílíádì àwọn ará Rọ́ṣíà yìí, dáńtọ́ nínú pool pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo wo ìdíje kan tí bọ́ọ̀lù tí ẹni náà fi igi gbá ti jábọ́ sínú ihò, dípò kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

ÌDÁHÙN: Ibí yìí gan-an ni gbòǹgbò eré náà wà, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Bí bọ́ọ̀lù tí ẹ gbá bá kọ́kọ́ lu òmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ wá wọ ihò, svoyak ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè é, wọ́n sì ń kà á fún ẹni tó gbá a gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka chuzhoy, ìyẹn bọ́ọ̀lù kejì tí a lù wọlé. Ẹni tó bá ti inú pool wá ti fi kọ́ ara rẹ̀ láti máa wo bọ́ọ̀lù kejì nìkan, torí pé ìránṣẹ́ lásán ni èyí tó ń gbá jẹ́ lójú rẹ̀. Níbí, èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ló lè wọlé, nítorí náà ojú gbọ́dọ̀ máa tọ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lérò tèmi, èyí ló mú kí eré náà ṣòro, ju híhá ihò lọ. Híhá ihò ń fẹ́ ọwọ́ tó dúró, èyí tí ìdánrawò lásán lè fúnni, ṣùgbọ́n èyí ń fẹ́ kí ènìyàn yí ọ̀nà tó gbà ń wo tábìlì padà.

Ìmọ̀ kan wà tó lè mú un yára. Bí bọ́ọ̀lù yín bá ń yí lọ gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí, tí ó sì bo ìdajì bọ́ọ̀lù kejì nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní ìwọ̀n dìgírì 30 sí 34. Bí ẹ bá lù ú nípọn díẹ̀ tàbí fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju ìdajì lọ, yíyà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àǹfààní ńlá sì ni èyí fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dúró. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yí tábìlì ká, ẹ máa wá bọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n tẹ̀ sí ihò ní irú igun bẹ́ẹ̀, nítorí pé svoyak tó rọrùn ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè yín. Bí ẹ bá lu bọ́ọ̀lù tó fi jẹ́ pé ó ń yọ̀ lọ láìyí nígbà tó kan èkejì, àwọn méjèèjì yóò pínyà bí igun ìwé, ní dìgírì 90. Bí ẹ bá sì lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò tún fà sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń kọ́? Bọ́ọ̀lù tó bá kàn ré etí òmíràn kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ìyára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ svoyak tẹ́ẹ́rẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi máa ń sáré kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ihò. Irú ìyẹn, ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Wọ́n bi mí bóyá svobodnaya ni mo fẹ́ gbá àbí Moskovskaya, mo kàn ń wò bọ̀ọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún ní 71 ni òun ń gbá dé. Eré mélòó ló wà nínú eré kan ṣoṣo?

ÌDÁHÙN: Ohun èlò kan náà ni gbogbo wọn ń lò: bọ́ọ̀lù 16, nínú èyí tí 15 jẹ́ funfun tí a kọ nọ́ńbà 1 dé 15 sí lára, tí ọ̀kan yòókù sì ní àwọ̀ tirẹ̀, pupa tàbí yẹ́lò lọ́pọ̀ ìgbà. A ó to àwọn funfun ní onígun mẹ́ta, a ó sì fi aláwọ̀ tú wọn ká láti inú ohun tí wọ́n ń pè ní ilé, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin tábìlì tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà wá pínyà. Nínú svobodnaya, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí amerikanka, bọ́ọ̀lù yòówù tó bá wà lórí tábìlì ni ẹ lè fi igi gbá, èyí tó bá sì wọlé, tiyín ni. Nínú Moskovskaya, aláwọ̀ nìkan ni a ń gbá. Bí ó bá ṣe svoyak, ẹ ó mú funfun kan tó bá wù yín kúrò lórí tábìlì sórí pẹpẹ tiyín, ẹ ó sì tún gbá aláwọ̀ náà láti inú ilé. Nevskaya jọ ìyẹn, àfi pé ibikíbi tó bá wù yín lórí tábìlì ni ẹ lè gbé aláwọ̀ sí lẹ́yìn svoyak. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ kó bọ́ọ̀lù 8 jọ ló borí.

Píramíìdì àtijọ́ ni bàbá yẹn ń gbá. Nọ́ńbà ara bọ́ọ̀lù ni máàkì rẹ̀ níbẹ̀, àfi nọ́ńbà 1 tó ń mú máàkì 11 wá, bọ́ọ̀lù tó bá sì kẹ́yìn pátápátá tún ń fi 10 kún un. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 140 ni; ẹni tó bá ti ní 71 ti kọjá ìdajì. Ènìyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ bọ́ọ̀lù àti ihò kí ó tó gbá, nítorí náà bọ́ọ̀lù tó bá ṣèèṣì wọlé kò níyì kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá tún pàdé irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì í kí ẹ wò ó dáadáa.

Ọ̀pọ̀ yóò ní kí ẹ fi svobodnaya bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà àtiwọlé pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tó pọ̀ yẹn gan-an ló ń da orí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rú: bọ́ọ̀lù 16 wà nílẹ̀, èyíkéyìí ló lè gbá, èyíkéyìí ló lè lù, kò sì ní mọ èyí tí òun ì bá fojú sí. Moskovskaya fún un ní bọ́ọ̀lù kan péré láti máa tọ̀ lẹ́yìn, ohun tó sì yẹ kó kọ́kọ́ kọ́ ni bí a ṣe ń tọ ẹyọ kan ṣoṣo títí dé ibi tó dúró sí.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n gba bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo ṣẹ̀. Mo kan bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ kàn, n kò sì fọwọ́ kan nǹkan. Kí ni mo ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé lẹ́yìn tí àwọn bọ́ọ̀lù kan ara wọn, kò sí èyí tó wọlé, kò sì sí èyí tó dé ibi rọ́bà etí tábìlì. Fáwùlù ni. Fáwùlù náà ni bí bọ́ọ̀lù bá fò kúrò lórí tábìlì, bí aṣọ tàbí ọwọ́ yín bá kan bọ́ọ̀lù, tàbí bí ẹsẹ̀ yín méjèèjì bá kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbá, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni kúkúrú lórí tábìlì tó fẹ̀ tó báyìí. Ní ibòmíràn, alátakò ni yóò mú bọ́ọ̀lù kan. Ní ibòmíràn, ẹni tó ṣẹ̀ ni yóò dá ọ̀kan nínú èyí tó ti kó padà sórí tábìlì. Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé dáadáa báyìí, ju ọ̀rẹ́ mi kan lọ, síbẹ̀ òun ló máa ń borí mi nínú svobodnaya. Ó máa ń rọra tì í ni, kì í gbá nǹkan gidi. Kí ni kí n ṣe sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pe ìyẹn ní ohun tí kì í ṣe gidi. Otygrysh ni ohun tí ó ń ṣe, ìyẹn ni pé nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù tó ṣeé gbá wọlé, ó ń fi tábìlì sílẹ̀ fún yín láìsí ohun tí ẹ lè jẹ. Lórí tábìlì tí ihò rẹ̀ há báyìí, bọ́ọ̀lù tó bá tàsé kì í sábà lọ jìnnà. Ẹnu ihò ló máa ń jókòó sí, nínú svobodnaya sì rèé, bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ni ẹni tó kàn lè fi lù ú wọlé tàbí kí ó fi ṣe svoyak lára rẹ̀. Podstavka ni wọ́n ń pe irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì ń fi fún un. Bí bọ́ọ̀lù kan bá jẹ́ irú èyí tó ń wọlé fún yín lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ibo ni yóò jókòó sí bí ó bá tàsé, kí ẹ tún béèrè ibi tí èyí tí ẹ fi gbá a yóò dúró sí. Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ ẹnu ihò, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá èyí tí ẹ lè fi lẹ̀ mọ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ gígùn tábìlì, níbi tó jìnnà sí igun àti sí ihò àárín, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ṣòroó gbá, ó sì ṣòroó lù wọlé. Nígbà tí ẹ bá tún jọ gbá, ẹ má ka bọ́ọ̀lù tí ẹ kó; iye podstavka tí ẹ fi sílẹ̀ fún un ni kí ẹ kà.